Bí A Ṣe Ń Fi Àsìkò Èrè Kọ́ Ọmọ, Ajá àti Ara Ẹni

Bí ọmọ kò bá fẹ́ kó nǹkan ìṣeré rẹ̀ nílẹ̀, tàbí tí ajá kò bá wá nígbà tí a pè é, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé kí àwọn fi kún èrè. Wọ́n á gé ẹran tó tóbi sí i, wọ́n á ṣe ìlérí tó ga sí i. Lójú tèmi, títóbi èrè ló yẹ kéèyàn yẹ̀ wò kẹ́yìn. Èrè bíńtín tó dé lójú ẹsẹ̀ lágbára ju èrè ńlá tó di alẹ́ kó tó dé lọ. Bóyá gbogbo ìgbà ló sì ń dé, bóyá ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, ìyẹn ló ń sọ bí ìwà náà á ṣe pẹ́ tó lára ẹni tó kọ́ ọ.

Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ń pe irú ẹ̀kọ́ yìí ní operant conditioning, ìyẹn ni pé ohun tó bá tẹ̀ lé ìwà ló ń sọ bóyá a ó tún hù ú. Ní 1898, Edward Thorndike ní Amẹ́ríkà ti ológbò tí ebi ń pa mọ́ inú àpótí onígi, ó sì gbé oúnjẹ síta. Ẹranko náà á họ ibí, á bu ọ̀hún jẹ, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi ṣèèṣì kan ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe ń dá a padà sínú àpótí léraléra, bẹ́ẹ̀ ni àsìkò tó fi ń jáde ń kúrú sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni B. F. Skinner, onímọ̀ ìhùwàsí mìíràn, dé pẹ̀lú eku tó ń tẹ ọ̀pá kékeré àti ẹyẹlé tó ń ṣá ojú ibi kan lára ògiri àpótí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń kọ gbogbo títẹ̀ àti ṣíṣá náà sílẹ̀. Ara àwọn eku àti ẹyẹlé wọ̀nyẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí wọ́n tó wá rí i lára ọmọdé àti àgbàlagbà.

1. Ẹ mú ìṣe kan ṣoṣo tí ojú lè rí

“Kí ọmọ yìí jẹ́ ọmọlúàbí” dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe lè san èrè fún un ní ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀. “Kí ó to bàtà rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bó bá ti wọlé” ni ìṣe. Bí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn bá jọ dúró síbẹ̀, tí ẹ kò sì ní jiyàn bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, ẹ ti rí èyí tó yẹ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ohunkóhun, ẹ fi ọjọ́ mélòó kan ka iye ìgbà tí ìṣe náà ń wáyé fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láìsí iye yẹn, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ń ṣe ń ṣiṣẹ́.

Tí ìṣe náà kò bá wáyé rí ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ajá kò bá tíì wá nígbà kankan tí ẹ pè é, ẹ san èrè nígbà tó kàn yí orí padà. Nígbà tó bá ti ń yí orí padà dáadáa, ẹ dúró dìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ mẹ́ta, títí á fi dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá ti gòkè sí ìpele tuntun, ẹ má san fún ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

2. Ẹ wá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń fẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ ohun tó jẹ́ èrè. Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé kí wọ́n yìn ín níwájú èrò, ìyà ni lójú tirẹ̀. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá rọ̀ ọ́. Onímọ̀ ìhùwàsí David Premack fi hàn ní 1959 pé ohun tí ẹ̀dá máa ń ṣe tìfẹ́tìfẹ́ lè di èrè fún ohun tí kì í fẹ́ ṣe. Ọmọ tó fẹ́ràn eré bọ́ọ̀lù lè fi ìṣirò márùn-ún ra ìṣẹ́jú bọ́ọ̀lù. Kí èrè náà kéré o. Ajá tó ti yó kò ní kẹ́kọ̀ọ́ nítorí ẹran.

3. Kí èrè dé kí ohun mìíràn tó wọ àárín

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ní 1948, G. Robert Grice kọ́ àwọn eku láti yan láàárín ọ̀nà funfun àti ọ̀nà dúdú. Àwọn kan rí oúnjẹ gbà bí wọ́n ṣe yàn án tán, àwọn mìíràn sì ní láti dúró díẹ̀. Dídúró ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ti tó láti fa ẹ̀kọ́ náà sẹ́yìn gidigidi. Nínú àwọn tó ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, a rí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìgbìyànjú tó lé ní 1,000. Ìṣẹ́jú àáyá 10 nìyẹn, kì í ṣe wákàtí.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹ̀dá alààyè kì í dúró gbagidi kó máa retí èrè. Láàárín ìgbà tó ṣe ohun tí ẹ fẹ́ àti ìgbà tí ẹ máa sanwó, á ti ṣe nǹkan mìíràn mẹ́ta, ara èyí tó ṣe kẹ́yìn ni èrè sì máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí ajá jókòó, ó jókòó. Ẹ wá ń tú àpò wá ẹran. Kí ẹran tó jáde, ajá ti dìde, ó ti fò mọ́ yín láyà. Ẹ fún un lẹ́ran. Fífò ni ẹ san èrè fún, ẹ sì máa rí fífò púpọ̀ sí i.

Bí ẹ kò bá gbà pé èrè máa ń wá nǹkan lẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀, ẹ wo ohun tí Skinner ṣe ní 1948 kan náà. Ó ṣètò kí oúnjẹ máa dé iwájú àwọn ẹyẹlé kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15 síra wọn, ohun yòówù tí wọn ì báà máa ṣe. Oúnjẹ náà kò sí fún iṣẹ́ kankan. Síbẹ̀, 6 nínú ẹyẹlé 8 náà bẹ̀rẹ̀ àṣà tiwọn: ọ̀kan ń yí po nínú àpótí, òmíràn ń ti orí bọ kọ̀rọ̀ òkè, bí ẹni pé òun ló ń pe oúnjẹ wá. Ohun tí kálukú ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí oúnjẹ kọ́kọ́ dé ló dì mú. Nítorí náà, èrè tí ẹ bá san láìwo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ń kọ́ni ní nǹkan. Ó kàn lè má jẹ́ ohun tí ẹ ní lọ́kàn ni.

Kí la máa wá ṣe nígbà tí èrè kò bá lè dé lójú ẹsẹ̀? Ẹ lo àmì. Keller Breland àti Marian Breland, tí wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Skinner kí wọ́n tó sọ kíkọ́ ẹranko di iṣẹ́ ajé, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ àmì ohùn di irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí. Lónìí, àwọn tó ń kọ́ ajá ń lo clicker, ohun kékeré tó ń dún “kẹ́” bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ìlànà rẹ̀ nìyí: ẹ kọ́kọ́ mú kí ó dún, kí ẹ sì fún ajá lóúnjẹ kíá, bíi ìgbà 15 tàbí 20, láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ajá bá ti ń yíjú wá oúnjẹ bí ó bá ti gbọ́ ohùn náà, àmì ti dúró. Láti ìgbà náà lọ, ìṣẹ́jú àáyá tí ìdí rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni kí “kẹ́” dún, ẹran sì lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn díẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ láìsan èrè. Àmì tí kò bá ń mú nǹkan wá mọ́, ariwo lásán ni.

Ní ti ọmọ tó ti gbọ́ èdè, ọ̀rọ̀ ẹnu ni àmì. “Mo rí bàtà tí o tò yẹn” lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà kan sórí ìwé tó wà lára ògiri. Ìlà márùn-ún di ìtàn alẹ́ kan. Fún ọmọ kékeré, kí ìlà yẹn tó di ohun tó fọwọ́ kàn, kó má kọjá ọjọ́ kan náà. Ìlérí òpin oṣù, fún ọmọ ọdún mẹ́rin, kò yàtọ̀ sí pé ẹ kò ṣèlérí rárá.

4. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ san gbogbo ìgbà

Gbogbo ìgbà tó bá ṣe é, kí èrè dé. Ẹ má ṣe ahun níbí. Nígbà tó bá ti ń ṣe é ní nǹkan bí ìgbà 8 nínú 10 tí àyè rẹ̀ yọ, ẹ lè lọ sí ìpele tó kàn.

5. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín in kù

Bí wọ́n ṣe ṣàwárí èyí dùn ún gbọ́. Skinner fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ṣe kóró oúnjẹ tí àwọn eku rẹ̀ ń jẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó rí i pé bí àwọn eku bá ń gba kóró kan fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á tán láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kàkà kó fi ìyókù ọjọ́ náà ṣe kóró, ó pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun á máa san èrè láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn eku kò dẹ́kun títẹ̀. Ahun díẹ̀ ló bí ẹ̀ka ìmọ̀ tí òun àti Charles Ferster padà gbé ìwé ńlá jáde lé lórí ní 1957.

Ìwà tí a ń san èrè fún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan máa ń pẹ́ ju èyí tí a ń san fún ní gbogbo ìgbà lọ, bí èrè bá dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń gbà á ní gbogbo ìgbà á tètè mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ẹni tí ọ̀dá èrè ti mọ́ lára á rò pé ó kù díẹ̀ kó dé ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fò sókè lójijì. Láti gbogbo ìgbà, ẹ lọ sí ìgbà 2 nínú 3, lẹ́yìn náà 1 nínú 2, lẹ́yìn náà 1 nínú 4. Ẹni tó bá fo láti gbogbo ìgbà sí 1 nínú 20 á rí i pé ìwà náà á wó lulẹ̀ ni: akẹ́kọ̀ọ́ á máa fà sẹ́yìn, á máa bínú, á wá nǹkan mìíràn ṣe. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ padà sí ìpele tó ti ń ṣe dáadáa, kí ẹ dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ìgbà tí èrè máa dé. Bí ẹ bá ń san ní ìgbà kan, tí ẹ ń fo ìgbà kejì, láìyẹsẹ̀, ajá pàápàá á mọ èyí tí kò lówó lórí.

6. Ẹ pinnu irú ètò tí ẹ fẹ́

Ètò mẹ́rin ló wà. Èrè lè máa tẹ̀ lé iye ìgbà tí a ṣe nǹkan, ó sì lè máa tẹ̀ lé àsìkò tó kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì lè dúró lójú kan tàbí kó máa yí padà.

Iye tó dúró lójú kan: owó fún ẹ̀wù mẹ́wàá mẹ́wàá tí a bá rán. Iṣẹ́ á yá gan-an, ṣùgbọ́n bí owó bá ti wọlé, ẹni náà á sinmi díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí iye náà bá ṣe pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ìsinmi ń gùn sí.

Àsìkò tó dúró lójú kan ló burú jù fún ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ lọ déédéé. Bí èrè kò bá lè dé àyàfi lẹ́yìn àsìkò kan pàtó, kí ló dé téèyàn á fi ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò yẹn? Eku á fi ọ̀pá sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá jẹun tán, á wá máa tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan bí ìgbà bá ti ń sún mọ́. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ wà ní ìparí sáà: ìwé sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó wá ku ọjọ́ mẹ́ta, iná kò kú mọ́ lóru. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ọ̀lẹ. Èmi rò pé ètò náà ló ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́.

Àsìkò tó ń yí padà: olùkọ́ tó lè dán yín wò lọ́jọ́ yòówù. Ìwà á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní yá jù, kò sì ní dúró.

Iye tó ń yí padà ni ọ̀gá wọn. Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ lórí ìlànà yìí ló dúró: ẹnikẹ́ni kò mọ fífà wo ló máa mówó wá, nítorí náà kò sí fífà kan tó dà bíi pé ó yẹ kéèyàn dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìwà á yá, kò ní sinmi, á sì pẹ́ kó tó kú. Ẹ fi ìṣọ́ra lò ó, nítorí ohun tó ń mú ọmọ to bàtà yìí náà ló ń mú àgbàlagbà tà gbogbo ohun tó ní.

Bí ẹ ṣe máa lò ó nìyí. Ẹ kọ 1, 2, 3, 4, 5, 6 àti 7 sórí bébà kéékèèké méje, kí ẹ kó wọn sínú agolo. Ẹ fa ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 5, ìgbà karùn-ún tó bá ṣe ìṣe náà ni èrè máa dé. Ẹ tún fa òmíràn. Bí ẹ bá ń dá èyí tí ẹ fà padà, èrè á máa dé lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin tí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní lè mọ èwo ni. Ẹ má gbọ́kàn lé orí yín láti ṣe iṣẹ́ agolo yìí. Ó ṣòro fún èèyàn láti yan nǹkan láìtẹ̀ lé ètò kan tó ṣeé mọ̀, pàápàá tó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Tó bá jẹ́ ti àsìkò ni ẹ fẹ́, kí iye ìṣẹ́jú wà lórí bébà, kí ẹ sì ṣètò aago fóònù yín. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: aago kọ́ ló ń mú èrè wá. Bí aago bá ti dún, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìṣe náà bá wáyé lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ máa san. Bí ẹ bá san nítorí pé aago dún, ẹ ti padà sọ́dọ̀ àwọn ẹyẹlé tó ń yí po.

7. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ìwà kan kú

Ọmọ ń sunkún torí fóònù. Lónìí ẹ kọ̀, lọ́la ẹ kọ̀, lọ́túnla ó sun ún débi pé etí yín fẹ́ ya, ẹ gbé fóònù fún un. Ẹ̀yin rò pé ẹ kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ọmọ kọ́ ni pé ẹkún máa ń sanwó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá tó bá ròkè. Ètò ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ gan-an ni, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń bọ́ ìwà náà. Nígbà mìíràn kì í ṣe fóònù, ojú yín ló ń wá, bíbú tí ẹ sì ń bú u gan-an ni èrè. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo àgbà inú ilé fẹnu kò, nítorí ẹnì kan ṣoṣo tó bá ń fún un níkọ̀kọ̀ ti tó láti gbé ìwà náà ró. Bí èrè bá ti dáwọ́ dúró, ẹ retí pé ìwà náà á kọ́kọ́ le sí i fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń juwọ́ sílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ láti bẹ̀rẹ̀ láti òkè nígbà tó bá tún yá. Bó bá kú tán, ó tún lè jí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan láìnídìí. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ti kùnà; bí ẹ kò bá sanwó fún un, á tún tètè lọ.

Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lè fara dà á dópin, ohun tó sàn jù ni kí ẹ fún un nígbà àkọ́kọ́ tó bá béèrè pẹ̀sẹ̀, kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò ní fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n ó dára ju kí ẹ máa kọ́ ọmọ ní ìfaradà ẹkún lọ. Ìwà tó lè ṣe ọmọ léṣe, bíi kó máa fi orí gbá ògiri, ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń mójú kúrò lára rẹ̀ nílé. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ìlera.

8. Bó bá jẹ́ ara yín lẹ ń kọ́

Èrè ìwé kíkà jìnnà, èrè fóònù wà lọ́wọ́. Ẹ má bá ìyẹn jà pẹ̀lú ìpinnu lásán. Ẹ fi èrè kékeré sí itòsí: ẹ sàmì sí ìwé bí ojú ewé márùn-ún bá ti parí, lẹ́yìn náà kí ẹ dìde na ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn ló yẹ kó di èrè tó tóbi mú, torí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí kò ní jẹ́ kébi pa òun.

Ẹ sì lè yí ètò tó ń ta kò yín padà. Ìkéde fóònù tó ń wọlé nígbàkigbà jẹ́ ètò tó ń yí padà, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń lọ síbẹ̀ láìdúró. Ẹ pa á, kí ẹ máa wo àwọn ìfiránṣẹ́ ní ìgbà mẹ́ta pàtó lójúmọ́. Ẹ ti sọ ọ́ di àsìkò tó dúró lójú kan, wíwò rẹ̀ láàárín ìgbà kan sí òmíràn á sì máa rọlẹ̀.

9. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àti ibi tí kò yẹ kí ẹ lò ó

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi iye tuntun wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gòkè, ẹ yẹ bí èrè ṣe ń yá wò ná. Bí ìyẹn bá dára, ẹ béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń fẹ́ èrè náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá ẹ yára dín in kù jù. Títóbi ló kẹ́yìn.

Ohun tí ọmọ ti ń ṣe tìfẹ́tìfẹ́, ẹ má ṣèlérí èrè fún un. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett wá àwọn ọmọ kékeré tó fẹ́ràn yíya àwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí ẹlẹ́wà fún àwọn kan bí wọ́n bá yà á. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní ìwé náà láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀. Àwọn kẹta kò gba nǹkan kan. Nígbà tó yá, tí wọ́n ní kí kálukú ṣe ohun tó wù ú, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún ni kò fi bẹ́ẹ̀ ya àwòrán mọ́. Àwọn tí ìwé ẹ̀rí kàn já lù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe irú ìlérí yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ san án, ẹ má sì ṣe òmíràn.